Ọkọ̀ Pupa Tí Omi Rẹ̀ Ń Hó

Ní Tchaourou, ẹni tó bá fẹ́ mọ òtítọ́ nípa ẹ́ńjìnnì, ọ̀dọ̀ Ganiou ló ń lọ. Abẹ́ igi máńgòrò lẹ́bàá ọ̀nà Savè ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà: òun nìkan, àpótí irinṣẹ́ kan, àti ẹnu kan tí kì í purọ́. Lọ́jọ́ tó gba òmìnira lẹ́nu iṣẹ́ kíkọ́ ní Parakou, ọ̀gá rẹ̀ gbé Kùránì lé e lọ́wọ́ níwájú àwọn mẹ́káníìkì yòókù, ó ní kó búra pé kò ní fi ẹ̀mí ẹni tó ń lọ lójú ọ̀nà ṣeré láé. Ganiou búra. Àwọn mìíràn náà búra lọ́jọ́ yẹn, wọ́n sì ti gbàgbé kí wọ́n tó jẹ ìrẹsì òmìnira tán. Òun ni kò gbàgbé, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Mounifatou ọmọ Bàbá Oumarou ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Bó bá ń rẹ́rìn-ín, a máa fa etí ìborùn bo ẹnu. Bí Ganiou bá gbọ́ ohùn rẹ̀ lójú ọ̀nà báyìí, sípánà á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìlú sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá ń fẹ́ ọmọ ọlọ́mọ gbọ́dọ̀ ṣe ọ̀wẹ̀ fún àna: yóò kó ọ̀rẹ́ jọ, wọn á lọ kọ ebè iṣu lóko bàbá ìyàwó. Ganiou kọ ebè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n orí ọkọ̀ pupa àna rẹ̀ ló ti ṣe ọ̀wẹ̀ tó pọ̀ jù.

Ọkọ̀ eré ìje ni, ilẹ̀kùn méjì, ó rẹlẹ̀ débi pé àgbàlagbà kò lè wọ̀ ọ́ láì kérora. Òyìnbó kan tó ń ra òwú ló ni ín tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìjọba Révolution, ti àwọn ológun, gba òwò lọ́wọ́ irú wọn, ó fi ọkọ̀ náà ta Bàbá Oumarou, tó ń ṣọ́ ilé ẹrù rẹ̀, lọ́rẹ, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọrẹ náà di ẹrù wúwo. Ní gbogbo ìpàdé ni délégué, aṣojú ìjọba ládùúgbò, ń bèèrè bí kámáráàdì kan, ẹni tó ní òun wà pẹ̀lú mẹ̀kúnnù, ṣe lè máa gun ọkọ̀ olówó. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tí délégué bá bi léèrè lẹ́ẹ̀mejì kì í sùn dáadáa. Bàbá Oumarou wá fẹ́ tà á kíákíá.

Àmọ́ ọkọ̀ ń ṣàìsàn, Ganiou sì mọ àìsàn náà. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, tó ṣí ìdérí radiatọ̀, ìyẹn táńkì omi iwájú, tó sì tan ọkọ̀, omi á máa hó kó tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọ́ìlì rẹ̀ ti funfun bí ògì. Orí ẹ́ńjìnnì ti là nínú, èéfín iná rẹ̀ sì ń wọ inú omi. Kò sí ẹni tó tún ń ta irin irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ títí dé Cotonou. Bí wọ́n bá wà á dé Tchatchou lọ́nà Parakou, á hó, á dúró.

Lẹ́yìn ìrun àsárì, Bàbá Oumarou pe Ganiou sẹ́yìn ilé. Ó ní Alájì Karimou, oníṣòwò aṣọ kan láti Savè, ń bọ̀ wá wo ọkọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Kí Ganiou pààrọ̀ ọ́ìlì, kó bu omi tuntun sí i, kó sì pa ẹnu mọ́.

“Ọ̀wẹ̀ tó kù nìyẹn, ọmọ mi,” ni bàbá wí. “Lẹ́yìn rẹ̀, wá mú ìyàwó rẹ.”

Ganiou pààrọ̀ ọ́ìlì. Ó rò pé ìdákẹ́ yóò tó, torí láàárín wa, ta ní í pe àna wá jẹ́rìí àna? Ibi tó ti ṣìnà nìyẹn. Àlejò ni Karimou, kò mọ ẹni tó ń fẹ́ ọmọ ta.

Nígbà tó dé, èèyàn dáadáa ni, ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ó yí ọkọ̀ ká, ọkàn rẹ̀ sì fà sí i. Ó ní òun á máa fi gbé ìyá òun arúgbó lọ sí ilé ìwòsàn ní Parakou. Ló bá yíjú sí Ganiou, tí ọ́ìlì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó pè é ní Patron, ìyẹn ọ̀gá.

“Patron, wọ́n ní o kì í purọ́. Ká ní ìyá rẹ ni, ṣé wàá gbé e sínú ọkọ̀ yìí?”

Bàbá Oumarou tẹjú mọ́ ilẹ̀. Mounifatou dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú omi àlejò. Ganiou wò ó, ó mọ ohun tó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ kó tó la ẹnu rárá. Ó ṣí radiatọ̀, ó tan ọkọ̀, ó fi omi tó ń hó láìgbóná han ọkùnrin náà.

“Ó máa ń gbóná jù lójú ọ̀nà, Alájì. Kò ní gbé ìyá yín dé Parakou.”

Àna kò bínú lójú àlejò. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ni àwọn àgbà kó obì àti aṣọ ìtọrọ padà wá fún Ganiou, wọ́n sì jẹ́ iṣẹ́ bàbá: ẹni tó tú àṣírí àna lójú àlejò, àṣírí ìyàwó kò lè bò lọ́wọ́ rẹ̀. Mounifatou sunkún, ìyá rẹ̀ bẹ̀bẹ̀, Ganiou rán lèmọ́ọ̀mù lọ. Bí ẹni ń bẹ òkúta ni.

Èyí tó wá dunni jù, ọkọ̀ ọ̀hún tà. Ìró ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣáà ti wọ Karimou lára. Ó rà á lọ́pọ̀, ó ní ìyá òun kò ní wọ̀ ọ́, òun á wá ẹni tó máa jó orí ẹ́ńjìnnì pọ̀ ní Nàìjíríà. Wọ́n jó o, kò mú. Bó bá ti ń ná ọjà kọjá ní Tchaourou, tí ọkọ̀ hó, ilé Bàbá Oumarou ló ń yà sí, Mounifatou ló sì ń pọn omi fún un. Ó rí ọmọ náà títí, ọmọ náà wù ú, ó sì ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ. Bàbá Oumarou kò bèèrè àkókò láti rò ó: ẹni tó gbé ẹrù náà kúrò lójú délégué ni. Kò sẹ́ni tó sọ fún Karimou pé àfẹ́sọ́nà ẹnìkan ló ń fẹ́.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, wọ́n fi ọkọ̀ pupa gbé ìyàwó yí ìlú ká nínú oòrùn ọ̀sán. Bí wọ́n ṣe kọjú sí Savè báyìí, iwájú ṣọ́ọ̀bù Ganiou ni ọkọ̀ ti rú èéfín, tó sì dúró. Karimou bọ́ sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Patron, ìwọ lo kúkú sọ fún mi.”

Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ jókòó síbi ibòòji lódìkejì ọ̀nà. Ìyàwó kò lè sọ̀ kalẹ̀, torí ẹsẹ̀ ìyàwó kì í kan ilẹ̀ kó tó délé ọkọ. Ó jókòó sínú ọkọ̀ lábẹ́ ìborùn funfun. Ganiou gbé kápó, ìdérí ẹ́ńjìnnì, sókè, ó gbé kẹ́tùlù omi sí ẹ̀gbẹ́, ó ń retí kí irin tutù, nítorí a kì í ṣí radiatọ̀ gbígbóná. Irin ń tutù díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, títí ó fi tutù pátápátá.

“Ẹ̀gbọ́n,” ni ohùn kékeré kan wí láti inú ọkọ̀, “ṣé ó ti tutù?”

“Kò tíì tutù,” ni Ganiou wí.

Mounifatou mọ ohùn rẹ̀ nígbà tó bá ń sọ òtítọ́; ohùn yẹn kọ́ nìyí. Ó fa etí ìborùn bo ẹnu, kì í sì í ṣe ẹ̀rín ló ń rín.