Kọ́ìlì Náírà Mẹ́ta

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà! Iye tí wọ́n ta kọ́ìlì sítóòfù oníná fún ọmọ ọmọ mi ní Under G, àdúgbò kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, lọ́sẹ̀ tó kọjá nìyẹn. Ó pè mí lórí fóònù, ó ń ráhùn. Nígbà tí mo ń ṣe tíṣà ní Ògbómọ̀ṣọ́, níparí àwọn ọdún 1980, náírà mẹ́ta ni wọ́n ń tà á. Búrẹ́dì náírà kan máa ń yó èèyàn méjì. Síbẹ̀, àwa náà ń ráhùn pé kọ́ìlì ti wọ́n jù!

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi lórí ìkànnì yìí, ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ọ̀rọ̀ kọ́ìlì náírà mẹ́ta ti wà nínú mi. Ẹ jókòó, lónìí mo fẹ́ sọ ọ́.

Físíìsì ni mo kà ní yunifásítì, òun náà ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Igbó ṣì ni ibi tí ẹ mọ̀ sí Under G nígbà náà. Èmi àti Múfútàú, tíṣà ìtàn, la jọ háyà yàrá kan. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni Múfú. Àáfà àgbà ni bàbá rẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ Kùránì, lẹ́tà kan tẹ̀ lé èkejì, bí ẹni ń sin ìlẹ̀kẹ̀.

Múfú ní sítóòfù oníná kan. Ẹ mọ̀ ọ́n, èyí tí kọ́ìlì rẹ̀, wáyà lílọ́ yẹn, máa ń pọ́n bí iná bá ti wọ̀ ọ́. Bí kọ́ìlì bá já, Múfú kì í ra tuntun. Á gé ibi tó jó dànù, á fa èyí tó kù, á lọ́ ọ pọ̀, iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀! Ta ni kò ṣe bẹ́ẹ̀ nínú wa? Ohun tó tún dùn mọ́ wa ni pé, bó bá ṣe ń so ó tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀wà ń yára jinná tó.

"Tíṣà físíìsì, wá wo iṣẹ́ ọwọ́!" ni Múfú máa ń wí. "Òyìnbó tó ṣe é ò tó mi."

Lọ́jọ́ kan mo gbé sítóòfù náà lọ sí kíláàsì, kí àwọn ọmọ lè fojú ara wọn rí ohun tó wà nínú ìwé. Mo so mítà méjì mọ́ ọn. Ọ̀kan sọ pé iná tó wọlé jẹ́ 240 fóltì. Èkejì sọ pé 6 áńpíà ló ń gba inú wáyà kọjá. Mo kọ ọ́ sára bọ́ọ̀dù. Pín 240 sí ọ̀nà mẹ́fà, ó di 40. Óòmù nìyẹn, ìyẹn agídí tí kọ́ìlì ń ṣe sí iná. Ka 240 lọ́nà mẹ́fà, ó di 1,440. Wáàtì nìyẹn, agbára tí sítóòfù ń jẹ.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, 1,000 wáàtì ni wọ́n kọ sí ìdí sítóòfù náà. Ó yẹ kí óòmù rẹ̀ sún mọ́ ọgọ́ta! Gbogbo bí Múfú ṣe ń gé kọ́ìlì, agídí rẹ̀ ló ń gé kù. Bí agídí sì ṣe ń dín kù ni iná ń ya wọlé sí i. Àṣírí ẹ̀wà wa nìyẹn.

Ọmọbìnrin kan, Rísíkátù, nawọ́. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé wáyà ilé lè gba iná tó pọ̀ tó yẹn?"

Múfú ti dé ẹnu ọ̀nà, ó wá mú sítóòfù rẹ̀. Kí n tó lanu, ó ní, "Rísíkátù, ṣé wọ́n ní kó o wá bá wa jẹ nínú ẹ̀wà náà ni?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Aago lù. Mo mú dọ́sítà, mo nu bọ́ọ̀dù.

Mo mọ ìdáhùn o: bí iná bá pọ̀ ju agbára wáyà lọ, wáyà á gbóná títí á fi jó. Ọjọ́ Ẹtì yẹn ni Múfú fẹ́ gbé sítóòfù náà lọ fún màmá rẹ̀ ní Ọ̀yọ́, nítorí èéfín igi ti ń ba ojú wọn jẹ́. Mo sì ti lọ kí wọn nílé lọ́jọ́ Iléyá. Mo rí i pé ara wáyà gílóòbù tín-ín-rín kan, tó gba òkè àjà yàrá Àáfà, ni wọ́n ti fa sọ́kẹ́ẹ̀tì Màmá. Mo rí i pé wáyà tó nípọn ni wọ́n fi dípò fíúùsì tó yẹ kó gé iná tó bá pọ̀ jù, kí iná má baà máa já. Mo mọ gbogbo rẹ̀!

Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe máa ba ẹ̀bùn ọmọ fún ìyá rẹ̀ jẹ́? Inú Múfú ń dùn bí ọmọ kékeré. Mo ní tó bá dé, màá sọ fún un. Ó dé. Mo ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Láàárín oṣù kan, kọ́ìlì tún já lẹ́ẹ̀mejì, Múfú sì lọ bá wọn so ó. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Àìlà, Màmá gbé ìrẹsì ka iná. Òkè àjà yàrá Àáfà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí jó. Màmá sá jáde. Àáfà sá wọlé. Kùránì tí wọ́n ti ń kọ fún ọdún mẹ́rin wà lórí àga. Wọ́n gbé e jáde, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn méjèèjì ni iná jó dípò rẹ̀.

Nígbà tí mo dé Ọ̀yọ́, Múfú ti lọ ra oògùn lọ́jà Akẹ̀sán. Èmi àti Àáfà nìkan ló wà níbẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Bàbá, mo mọ̀. Mo ti ṣírò rẹ̀."

Wọ́n bi mí pé, "Ṣé o kọ ọ́ sílẹ̀?"

"Mo kọ ọ́ sára bọ́ọ̀dù, sà."

"Ta ló nù ún?"

"Èmi ni, sà."

Wọn ò bú mi. Wọ́n gbé ọwọ́ tí wọ́n fi aṣọ dì náà sókè, wọ́n sì ṣàdúrà fún mi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi.

Ohun tí mo kọ́ kò pọ̀. Ìṣirò tí o kò sọ fún ẹni tó kàn, o ò tíì ṣe é tán. Nínú ẹ̀yin tó ń kà á, ta ló ti mọ ohun kan rí tó sì dákẹ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ẹ má tijú mi.

Àáfà ti lọ. Wọn ò kọ lẹ́tà kan mọ́ títí wọ́n fi lọ. Màmá náà ti lọ. Rísíkátù wà láyé, ó ti di ìyá àgbà, a ṣì máa ń kíra. Múfú wà láyé, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ níbẹ̀. Àáfà ò sọ fún un pé mo mọ̀. Èmi náà ò sọ. Bí mo bá kọ nǹkan síbí, òun ló máa ń kọ́kọ́ fèsì.