Àwo Mẹ́ta Tí Kò Gba Oògùn

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí Ìyá Ẹlẹ́yin ti ń sin ohun tí ojú lásán kò lè rí. Àwọn ará ilé ìwádìí ló fún un lórúkọ náà, nítorí sẹ́ẹ̀lì tó máa ń yí ẹyin obìnrin ká, tó ń bọ́ ọ, tó ń ṣọ́ ọ, ni òun ń tọ́jú sínú àwo pẹlẹbẹ. Ó máa ń kí wọn láràárọ̀. "Ọmọ mi kò lóǹkà," ni í máa ń sọ, "kò sì sí èyí tó ń yájú sí mi."

Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ló ní jíìnì tó ń pàṣẹ ikú. Bí ayé bá le jù fún un, jíìnì yìí á jí, sẹ́ẹ̀lì náà á sì rọra kú láìṣe aládùúgbò rẹ̀ níbi. Oògùn tó lè mú jíìnì náà sùn, kí ẹyin obìnrin lè pẹ́ sí i, ni Dókítà, ọ̀gá rẹ̀ tó lè jẹ́ ọmọ rẹ̀, ń wá. Àwo mẹ́ta gba oògùn. Mẹ́ta kò gba nǹkan kan.

Lọ́jọ́ Ajé, Dókítà já wọlé pẹ̀lú èsì àyẹ̀wò.

"Ìyá, ó ti bọ́ sí i! Jíìnì ikú sùn fọnfọn nínú àwọn tó gba oògùn. Nínú ìyókù, ṣe ló jí gìrì! Tó bá di aago méjì, mo ti fi èsì yìí ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn nìyẹn. Àwọn obìnrin á bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó."

Ìyá Ẹlẹ́yin yíjú sí àpótí ooru tí àwọn àwo náà ń gbé. Àwọn tí kò gba nǹkan kan ló ń kú? Kí ló lè pa wọ́n?

Ó ṣí ìwé tó ń kọ sí nígbàkigbà tí wọ́n bá ṣí àpótí ooru. Àlejò, aago mẹ́wàá. Akẹ́kọ̀ọ́, aago méjìlá. Àlejò mìíràn, aago mẹ́ta. Ìgbà mọ́kànlá láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Òun fúnra rẹ̀ kò jẹ́ fọwọ́ kan àwo olóògùn. Àwọn mẹ́ta tí kò gba oògùn, tó ń dán, ló ń gbé síta láti fi yangàn, lórí tábìlì tí afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ sí.

Aago méjì ku ogún ìṣẹ́jú.

"Dókítà, ẹ dúró. Oògùn yín kò gba ẹnikẹ́ni là. Èmi ni mo fi òtútù pa àwọn tó kù."

"Ẹ̀yin kẹ̀? Ìyá, ẹ má fi mí ṣeré."

Ó tẹ́ ìwé náà síwájú rẹ̀. Dókítà kà á dé ìsàlẹ̀, ó tún padà sí òkè.

"Tí ẹ bá ti dákẹ́, ta ni ì bá mọ̀?"

"Obìnrin tó bá mu ún á mọ̀."

Dókítà rọra gbé ìka kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Kò bínú; ó kàn ń wo ọwọ́ Ìyá Ẹlẹ́yin bí ẹni tí kò rí i rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwo mẹ́fà tuntun ti wà nínú àpótí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dé.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká kí àwọn ọmọ yín."

Ó nàka sí àwòrán sẹ́ẹ̀lì tó lẹ̀ mọ́ ògiri. "Ìyẹn ni kí ẹ kí."

Òun náà kò ṣí àpótí láti kí àwọn ọmọ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà.