Bàtà Òjò Tí Kò Dé Ẹsẹ̀ Màmá Akínsànyà

Ìgò tó fọ́ ló gé Màmá Adùnọlá Akínsànyà lẹ́sẹ̀ nínú odò kékeré tó gba ẹ̀yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù fọ́tókọ́pì l'Agbowó. Egbò náà bàjẹ́, ó di ilé ìwòsàn, ó di ikú. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá la sin wọ́n. Kí ni olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó nílé sí Bódìjà, ń wá nínú odò pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán? Iṣẹ́ tó yẹ kí àwọn ẹlòmíràn máa ṣe ni Màmá ń bá wọn ṣe.

Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Màmá ń kó àwọn ọ̀dọ́ jọ sétí odò náà, láìgba kọ́bọ̀. Wọ́n ń kọ́ wọn bí a ṣe ń fi èèpo iṣu àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe ajílẹ̀, àti bí a ṣe ń fi ọparun di bèbè odò kí àgbàrá má baà gbé e lọ. Orúkọ ẹni tó bá gbin igi ni wọ́n ń fún igi náà. Bí igi rẹ bá ń rọ, gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́.

Lọ́jọ́ kan wọ́n pe Láyí, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ wọn tó ń ṣe fọ́tókọ́pì, lórí fóònù. "Láyí, ewúrẹ́ ti jẹ Jọlá dé ìdajì. Tètè wá nǹkan tí a máa fi ṣọgbà yí i ká."

Ìyá Jọlá ló dúró ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, ó fẹ́ ṣe fọ́tókọ́pì, ó sì gbọ́ ohùn Màmá nínú fóònù. Ó sáré já síta, gèlè ń bẹ lọ́wọ́. Ó bá ọmọ rẹ̀ létí odò, ó ń jẹ gúgúrú.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún igi tiẹ̀ lórúkọ mìíràn," ó bẹ̀ wọ́n.

"Jọlá ló gbìn ín," Màmá dáhùn, "Jọlá ni ewúrẹ́ jẹ."

Jọlá yìí ti ń ta ọmọ igi ní Ring Road báyìí, òun náà sì ti gba ọmọọṣẹ́.

Ẹ wá bá mi kí Ìgbìmọ̀ Àyíká Tútù, àwọn ọ̀gá tó ní ká máa yọ̀ǹda ara wa. Màmá bẹ̀ wọ́n fún bàtà òjò, nítorí ìgò pọ̀ nínú odò. Wọn ò fi falẹ̀: fìlà ni wọ́n kó wá. Màmá tún bẹ̀ wọ́n. Ìwé ẹ̀rí ni wọ́n kó wá lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n sì ya fọ́tò.

"Ó dáa," ni Màmá sọ fún wa, "orí wa ò ní í ṣèṣe." Wọ́n ká ìró sókè, wọ́n wọ odò.

Lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, ìgbìmọ̀ wá tún etí odò ṣe ní ìrántí Màmá. Mo wà níbẹ̀. Látorí alága, Ọ̀gbẹ́ni Òkìkíọlá, títí dórí dírẹ́bà, bàtà òjò tuntun ni gbogbo wọn wọ̀, ó ń dán. Ẹnì kan ò kan omi. Wọ́n ní igi kan ń ṣíji bo fọ́tò àwọn, kí wọ́n gé e.

Láyí bọ́ síwájú igi náà. "Ta lẹ fẹ́ gé?"

"Igi ni, ọ̀rẹ́ mi," ni ẹni tó mú àdá wí.

"Adùnọlá ni. Màmá fúnra wọn ló gbìn ín."

Ọkùnrin náà wo igi, ó wo alága, ó sì rọra fi àdá pamọ́ sẹ́yìn.

Mo bi alága pé ìgbà wo ni wọ́n ra bàtà.

"Ó ti pẹ́," ó fi ìdùnnú dá mi lóhùn. "Láti ọdún tó kọjá ló ti wà ní sítọ́ọ̀. A ń dúró de ayẹyẹ ni."

Ṣé òkú Màmá wá ni ayẹyẹ náà? Ta ló mú kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ yẹn lọ́wọ́? Ta ló gbọ́ ẹ̀bẹ̀ nípa ẹsẹ̀, tó wá fi fìlà dáhùn? Kí wọ́n wá sétí odò, kí wọ́n dárúkọ ara wọn lójú gbogbo Agbowó, kí wọ́n sì bọ́ bàtà náà sílẹ̀ níbẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ Màmá ń wọ omi.