Amọ̀ Dúdú Issaba

Àwọn àgbà ní èkùrọ́ ni alábàákú ẹ̀wà. Huguette ò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fi ọdún mẹ́tàlélógún pa èkùrọ́ ní Sakété bíi tirẹ̀ mọ̀ pé èésan, èèpo líle tó bò ó, gan-an ni alábàákú èkùrọ́. Bí wọ́n bá pa á tán, inú àpò kan náà ni àwọn méjèèjì ń wà, èèyàn á sì jókòó máa fi ọwọ́ ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ojú ló wá dá a lóró. Ojú ń ṣe bàìbàì, èésan sì ń yọ́ wọ inú èkùrọ́ tó ń tà. Àlàájà Màrúfátù, tó ń ra èkùrọ́ fún àwọn tó ń fún àdín, na ẹ̀kúnwọ́ èésan sí i.

"Ìyá Pacôme, èyí ló ba ẹ̀rọ jẹ́. Bí mo bá tún rí ẹyọ kan lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, mi ò ní rà lọ́wọ́ yín mọ́."

Ọjà ku ọjọ́ mẹ́ta, àpò mẹ́rin tí kò tíì ṣà wà nílẹ̀, Huguette ò sì mọ iṣẹ́ mìíràn.

Ó mọ ohun tí ìyá rẹ̀ máa ń ṣe ní Issaba ìlú wọn. Amọ̀ dúdú ni wọ́n ń pò mọ́ omi. Èkùrọ́ á léfòó, èésan á rì. Ṣùgbọ́n amọ̀ yẹn ló lẹ̀ mọ́ bàtà rẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, tí ilé ọkọ fi sọ ọ́ ní Ìyàwó Ẹlẹ́rẹ̀ títí dòní. Ìtìjú ò jẹ́ kó tún fojú kàn án. Erùpẹ̀ pupa ẹ̀yìnkùlé ló gbẹ́. Ó pò ó, ó da èkùrọ́ sí i, gbogbo rẹ̀ rì. Ó rò ó. Kó tó ṣẹ́jú, erùpẹ̀ ti wà nísàlẹ̀, omi ti tòrò.

Victorine, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, tí òun náà ń pa èkùrọ́, bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó Ẹlẹ́rẹ̀, ọbẹ̀ wo lò ń sè?"

Inú bí Huguette dé góńgó. Bí orúkọ náà ò bá kúrò lára òun, ó kúkú yẹ kí òun jẹ èrè rẹ̀! Ó gun ọ̀kadà sẹ́míjàn lọ sí Issaba, ó sì gbé àpò amọ̀ dúdú méjì wọ agbo ilé lọ́sàn-án gangan.

Ó pò ó nínú bàsínì ńlá títí ó fi ki bí ògì. Ó da abọ́ èkùrọ́ kan sí i, ó rò ó, ó dúró. Èésan rì gbì. Èkùrọ́ yọ orí, ó kún ojú omi bámúbámú. Huguette pariwo, ó jó yí bàsínì ká. Ó fi asẹ́ kó wọn, ó fi omi mímọ́ ṣan wọ́n, ó sá wọn sóòrùn. Lọ́jọ́ kejì, ó ti ṣa àpò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán.

Lọ́jọ́ ọjà, Àlàájà ki apá bọ ìsàlẹ̀ àpò dé ìgúnpá, ẹ̀ẹ̀mẹta. Kò rí èésan kan.

"Ta ló bá yín ṣà á?"

"Ẹrẹ̀ ilé bàbá mi ni, Àlàájà."

Nígbà tí Huguette délé, Victorine ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó gbé agbọ̀n èkùrọ́ sórí ẹsẹ̀. "Ìyàwó, jọ̀ọ́, bá mi bù díẹ̀ nínú amọ̀ yẹn."

"Ẹ máa bọ̀, ọkọ mi," ni Huguette wí, ẹ̀rín sì kún ẹnu rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bọ́ bàtà."