Ìgbànú Rosaire

Ní gbogbo agbègbè Abitibi tí wọ́n ti ń wa kùsà, kò sẹ́ni tí wọ́n fọkàn tán bíi Rosaire Thibodeau tó bá di ká fi ẹ̀rọ wá irin abẹ́ ilẹ̀. Láti ìgbà ọ̀dọ́ ló ti ń gbé ẹ̀rọ náà kọ́rùn, tó ń rìn lórí yìnyín láàárín igi, tí ẹ̀rọ ń sọ ibi tí òkúta onírin sùn sí fún un. Ẹ̀gbẹ́ irú òkúta bẹ́ẹ̀ ni bàbà àti wúrà máa ń fara pa mọ́ sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ò mọ irin abẹ́ ilẹ̀ yàtọ̀ sí irin ara èèyàn. Ìdí nìyẹn tí Rosaire fi ń fi okùn di ṣòkòtò, tó sì ń tú àpò gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wò láràárọ̀ bí aṣọ́bodè.

Ẹnu rẹ̀ ò sì dáa rárá. Lọ́jọ́ tí Noémie, ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wọn ṣiṣẹ́, gbàgbé píìnì kan sínú irun, níbi tí gbogbo wọn ti ń jẹun ló ti kọ lù ú.

"Ṣé inú irun ẹ la ti fẹ́ wa kùsà ni? Padà sílé, jàre! Bọ́ irin kúrò lára kó o tó wọgbó!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọbẹ̀ ẹ̀wà fi tá ẹlòmíì lórí. Ẹkún ni Noémie sun délé.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ni pé ìpá mú Rosaire nígbà òtútù yẹn. Dókítà fún un ní ìgbànú onírin tí yóò máa tì í padà sínú. Ojú tì í láti sọ ọ́. Ta ni yóò gbọ́ pé Rosaire ní ìpá tí kò ní fi í ṣe yẹ̀yẹ́? Lọ́jọ́ tí ìrora bá pọ̀, á wọ ìgbànú náà sábẹ́ aṣọ, á máa tan ara rẹ̀ pé irin tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ ò lè ṣe nǹkan kan.

Nígbà tí èsì ibi tí Rosaire gbé ẹ̀rọ rìn jáde, ẹ̀rọ ní irin pọ̀ lápá ìwọ̀ oòrùn adágún kan nínú igbó náà. Lucien, ọ̀gá wọn, ò bi Rosaire ní ìbéèrè kankan. Ó gbé ẹ̀rọ tó ń lu ilẹ̀ lọ síbẹ̀. Òkúta tó ń tinú ihò jáde funfun báláú. Kò sírin, áńbọ̀sì bàbà tàbí wúrà.

"A kàn tàsé ẹ̀ díẹ̀ ni," Lucien wí. "Rosaire kì í ṣàṣìṣe. Ihò kan péré ló kù tí agbára wa ká. Ẹ̀gbẹ́ ibí náà la máa gbẹ́ ẹ sí. Tí ò bá sí nǹkan kan, kálukú á wáṣẹ́ míì lọ."

Rosaire wo òkúta funfun náà, ìtìjú bò ó látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ìgbà tí ìrora fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á ló rin apá ìwọ̀ oòrùn yẹn. Ikú yá ju ẹ̀sín, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ikú ò sí nítòsí. Lucien ló dúró tì í.

"Ẹ má gbẹ́ ẹ," Rosaire wí. "Èmi nirin tẹ́ ẹ rí."

Ó ṣí kóòtù, ó ká ṣẹ́ẹ̀tì sókè, ó tú ìgbànú náà lójú gbogbo wọn, ó sì gbé e sórí kùkùté. Ọkùnrin kan bú sẹ́rìn-ín. Lucien ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ńṣe ló gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìyẹn ló sì dun Rosaire jù.

Noémie dìde. Rosaire ti ń retí èébú, ó sì mọ̀ pé ó tọ́ sí òun.

"Ẹ gbé ẹ̀rọ yẹn fún mi, Ọ̀gá Rosaire. Màá tún ibẹ̀ rìn kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ." Ó na apá méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ tú àpò mi wò. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

Rosaire ki ọwọ́ bọ àpò kóòtù ọmọ náà bó ti máa ń ṣe láràárọ̀. Kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ó bú sẹ́kún.