Adájọ́ Bọ́ọ̀lù ní Ìsọ̀rí Kẹrìnlá

Títí di òní, bí ẹ bá wọ ilé ọtí èyíkéyìí ní Wexler, létí adágún Erie, tí ẹ sì dárúkọ olóògbé Ludvik Vasko, ọ̀rọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ fún yín. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ènìyàn ló ń hó lé bàbá arúgbó kan lórí nínú pápá. Bàbá ọ̀hún fi bọ́ọ̀lù funfun kan mọ́ àyà, ó jókòó jẹ́ẹ́, ó ń jẹ ẹ̀pà.

Renata Ocasek rí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa mú èrò dé ìjókòó wọn ní ìsọ̀rí kẹrìnlá, ibẹ̀ náà ni Bàbá Vasko sì ti ń jókòó láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, lórí ìjókòó kan ṣoṣo, bí ẹni pé òun ni wọ́n kọ́ pápá náà yí ká.

Abala kẹta eré ni. Ọmọkùnrin tó di igi mú fún àwọn Lékeléke, ẹgbẹ́ ìlú wọn, gbá bọ́ọ̀lù bàìbàì. Bọ́ọ̀lù yà kúrò lójú ìlà, ó gòkè, ó wá ń bọ̀ wálẹ̀ sí ìsọ̀rí kẹrìnlá. Bó sì ṣe máa ń rí nídìí bésíbọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù tó bá ti bọ́ sáàárín èrò, ẹni tó bá mú un ló ni ín. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Hollis Brandt, tó mú ọmọbìnrin rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́jọ wá wòran, fò dìde. Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ gbá Ìyá Opal Reinholt, opó ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Ìyá ṣubú sáàárín ìjókòó méjì, bíà dà sí i lára, awò ojú rẹ̀ fò lọ. Bọ́ọ̀lù ta lọ́wọ́ Hollis, ó sì bọ́ sínú fìlà Bàbá Vasko bí ẹyin tó bọ́ sínú ìtẹ́.

Hollis na ọwọ́. "Ẹ ṣé, bàbá. Ẹ mú un wá fún ọmọ mi."

"Ṣé o rí ìyá tó wà nílẹ̀ yẹn?"

"Ìyá wo?"

"Ìyá tí o tẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹní."

"Ó ṣèèṣì ni. Ẹ fún ọmọ ní bọ́ọ̀lù ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

"Bẹ ìyá, kí bọ́ọ̀lù di ti ọmọ. Iye tí mò ń tà á nìyẹn, kò sì ní ẹ̀dínwó."

"Èmi? Kí n máa bẹ èèyàn nítorí bọ́ọ̀lù?" Hollis yíjú sí èrò, ó pariwo: "Ẹ gbà mí o! Bàbá yìí gba bọ́ọ̀lù mọ́ ọmọ mi lọ́wọ́!"

Ìgbà yẹn gan-an ni ọmọ náà, Junie, bú sẹ́kún. Ìtìjú ló ń pa á. Ṣùgbọ́n ta ni yóò mọ èyí láti òkèèrè? Ayàwòrán gbé ojú ọmọ náà sórí pátákó àwòrán ńlá tó wà lókè pápá, omijé ń dà wéré. Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. "Fún ọmọ! Fún ọmọ!" ni gbogbo pápá ń kọ, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ janlẹ̀. Ẹnìkan ju búrẹ́dì onísọ́séèjì, ó ba Bàbá Vasko léjìká. Bàbá mú un, ó wò ó, ó bù ú jẹ, ó ní, "Mọ́sítáàdì rẹ̀ kéré."

Èyí kò pa Renata lẹ́rìn-ín. Rédíò kékeré tó wà ní ìbàdí rẹ̀ ti ń kígbe: ọ̀gá rẹ̀ ni. "Renata! Gba bọ́ọ̀lù yẹn kí wọ́n tó wó pápá lé wa lórí. Bí kò bá gbà, kí ó jáde, kò sì ní padà wá mọ́. Láéláé!"

Ó sọ̀kalẹ̀ lọ bá bàbá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n ní kí n mú yín jáde."

"Ṣé Ìyá Opal ti rí awò ojú rẹ̀?"

"Mo ti bá wọn wá a rí. Apá kan ti kán."

"Ó dáa. Jẹ ẹ̀pà."

"Bàbá! Ìjókòó yín ni wọ́n fẹ́ gbà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n!"

"Mo gbọ́. Ìjókòó ni wọ́n lè gbà, wọn ò lè gba ìdí mi."

Abala kẹrin kọjá. Ìkarùn-ún kọjá. Èrò kò wo àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́, ìsọ̀rí kẹrìnlá ni wọ́n dojú kọ. Hollis fẹ́ ta ọgbọ́n: ó ní kí bàbá kọ́kọ́ gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀, òun á bẹ ìyá tí eré bá parí. "N kì í ta àwìn," ni bàbá dá a lóhùn. Nígbà tó di abala kẹfà, ọlọ́pàá méjì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ bọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Renata dúró sáàárín wọn àti bàbá, kò mọ ohun tí òun fẹ́ ṣe, ó kàn mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun kò fẹ́ yà.

Bẹ́ẹ̀ ni Junie dìde. Kò sẹ́ni tó rán an. Ó gba iwájú bàbá rẹ̀ kọjá, ó lọ di ọwọ́ Ìyá Opal mú.

"Màmá, ẹ má bínú. Dádì mi kì í ṣe èèyàn burúkú. Wọn ò rí yín ni. Bọ́ọ̀lù nìkan ni wọ́n rí."

Ìyá Opal fà á mọ́ra pẹ̀lú ẹ̀wù tí bíà ti rin gbingbin. Bàbá Vasko dìde, ó ṣí fìlà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé bọ́ọ̀lù fún ọmọ. Ni pápá bá bú gbàù! Inú èrò dùn, wọ́n rò pé àwọn ló ṣẹ́gun bàbá. Hollis já bọ́ọ̀lù gbà, ó gbé e sókè kí ayàwòrán lè rí i. Junie fà á lápá, ó gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. "Dádì," ó sọ ọ́ ketekete, "ẹ̀yin ò tíì bẹ Màmá o." Iwájú ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ènìyàn ni Hollis ti bẹ̀bẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n bíi tòmátì, èrò tí kò gbọ́ ohun tó ń sọ sì ń pàtẹ́wọ́ fún un pé ó mọ ọpẹ́ dá.

Ìwé ìròyìn ọjọ́ kejì pe Bàbá Vasko ní ahun. Wọn kò gba ìjókòó rẹ̀, nítorí Ìyá Opal fúnra rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì pẹ̀lú awò ojú kíkán, kò sì kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi gbọ́ ọ yé. Renata ní kí bàbá kọ̀wé sí àwọn oníròyìn kí ayé lè mọ òtítọ́. "Ẹni tí mo fẹ́ kó mọ̀ ti mọ̀," ni bàbá wí. "Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni."

Àwọn kan rò pé wọ́n bí òfin tí bàbá ń tẹ̀lé nípa bọ́ọ̀lù mọ́ ọn ni. Rárá o. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún Renata, lọ́jọ́ kan tí òjò dá eré dúró, bí ó ṣe kọ́ ọ. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìyọ́rin, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin, ó na ọwọ́ gígùn rẹ̀ kọjá lórí ọmọ kékeré kan, ó sì gán bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀ tààrà sí ìbọ̀wọ́ awọ ọmọ náà. Ó fò, ó jó, ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀ Agnes kó lè bá a yọ̀. Agnes ti gbé báàgì rẹ̀, ó ti ń lọ sílé. Ọjọ́ mọ́kànlá ni kò fi bá a sọ̀rọ̀. Ajá wọn ló ń bá sọ̀rọ̀. "Sọ fún ọkùnrin yẹn pé ọbẹ̀ ti jinná." "Bi í bóyá ó fẹ́ búrẹ́dì." Lọ́jọ́ kejìlá, Ludvik kúnlẹ̀ nílé ìdáná, ó bẹ̀bẹ̀. Agnes wò ó, ó wo ajá. Ó ní, "Kí lo rí sí i?" Ajá gbọn ìrù. Ibẹ̀ ni ìjà ti parí, ṣùgbọ́n títí ajá yẹn fi kú ni Ludvik fi ń bọ̀wọ̀ fún un.

Gbogbo sáà yẹn ló fi wá ọmọ náà ká pápá, kò rí i. Láti ìgbà náà ló ti gbé òfin kalẹ̀: bọ́ọ̀lù tó bá ń bọ̀ sọ́wọ́ ọmọdé, àgbà kò gbọdọ̀ nawọ́ sí i, èyí tó bá bọ́ sọ́wọ́ àgbà, ọmọ tó sún mọ́ ọn jù ló ni ín, kò sì sí ọmọ tí yóò gba bọ́ọ̀lù lórí ẹ̀yìn ẹni tó ṣubú.

Òfin nìkan kò tó o, ó tún fẹ́ fi ohun èlò tì í lẹ́yìn. Ó rán àwọ̀n mọ́ igi ìgbálẹ̀ gígùn kan, kí ó lè máa fi gbe bọ́ọ̀lù fún àwọn ọmọ tó jókòó lẹ́yìn. Ọjọ́ kìíní tó gbé e wá, Renata bẹ̀ ẹ́ kó fi sílẹ̀ lẹ́nu géètì. Kò gbọ́. Nígbà tí bọ́ọ̀lù dé, ó di ojú, ó ju àwọ̀n sókè, ó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ pé ó wúwo díẹ̀, ó kígbe ayọ̀. "Ọmọ ta ló fẹ́ ẹ?" Wíìgì ìyàwó olórí ìlú ló wà nínú rẹ̀.

Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n rí i tí apá rẹ̀ kò ká ọ̀ràn. Ó mú bọ́ọ̀lù, ó sì yíjú sí ọmọ ọdún márùn-ún kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Gbà, tìrẹ ni."

"Mi ò fẹ́."

"Báwo? Bọ́ọ̀lù ni!"

"Mi ò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Áísìkiriìmù ni mo tìtorí ẹ̀ wá."

Bàbá bẹ̀ ẹ́ títí, ó ṣàlàyé òfin fún un, ó pe ìyá ọmọ kó dá sí i. Ìyá ọmọ ti ń wo Renata bóyá kó pe ọlọ́pàá. Nígbẹ̀yìn, bàbá lọ ra áísìkiriìmù kan, ó gbé e lé orí bọ́ọ̀lù, ó gbé méjèèjì fún ọmọ. Ọmọ lá áísìkiriìmù tán, ó fi bọ́ọ̀lù nu ọwọ́, ó dá a padà fún un.

Sáà tó gbẹ̀yìn rẹ̀, ikọ́ ti mú un. Èéfín ilé ìyọ́rin, àwọn dókítà ní ó ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ó ṣì wá. Ọ̀sán Wẹ́sìdeè kan nínú oṣù kẹrin, òtútù ń gé ni bí ọ̀bẹ, òjò wẹliwẹli ń rọ̀, ènìyàn mẹ́jọ péré ló wà ní ìsọ̀rí kẹrìnlá. Ọ̀mì ni wọ́n wà títí dé abala kẹsàn-án. Bẹ́ẹ̀ ni igi dún kọ̀ọ́, bọ́ọ̀lù sì gba ọ̀run bọ̀.

Renata rí i tí bàbá ju ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. "Bàbá, ẹ jókòó!" Ó sáré sọ̀kalẹ̀, àtẹ̀gùn ń yọ̀. Bàbá ń fà sẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ ìjókòó, ó fì, Renata na ọwọ́, ó di ẹ̀wù rẹ̀ mú lẹ́yìn. Ọwọ́ lásán ni bàbá fi gba bọ́ọ̀lù náà. Ìró rẹ̀ dà bí ẹni gbá ògiri. Ó dúró, ó ń mí gúlegúle, ìka rẹ̀ méjì ti ń wú.

Lẹ́yìn náà ló wò yí ká, ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì. Kò sí ọmọdé kankan.

"Ó dáa," ó ní. "Ta ló kéré jù nínú yín?"

Bàbá onírùngbọ̀n kan na ọwọ́. "Èmi ni. Ọdún mọ́kànléláàádọ́rin."

Obìnrin tó wọ kóòtù pupa ní, "A kì í béèrè ọjọ́ orí obìnrin."

"Bóyá ẹ fẹ́ bọ́ọ̀lù ni mo ń béèrè."

"Ọgọ́ta."

Ọkọ rẹ̀ yọ orí lábẹ́ agbòjò. "Ọgọ́ta láti ìgbà wo?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì gbé bàbá. Renata ń gbá a lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nígbà tí ikọ́ dáwọ́ dúró, bàbá yíjú sí i.

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi ò sí níbẹ̀, òṣìṣẹ́ ni mí. A ò gbọdọ̀ gba bọ́ọ̀lù. Wọ́n á lé mi."

"Mi ò bi ọ́ ní òfin wọn. Ọdún mélòó?"

"Méjìdínlọ́gọ́ta."

"Ọmọdé!" Ó pàtẹ́wọ́, ó gbàgbé ìka rẹ̀, ó kígbe oró. "Ọmọdé ló dúró tì mí láti àárọ̀, mò ń wá ọmọdé kiri!"

"Bàbá, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mi ò lè gbà á."

"Ta ló fún ọ? Mi ò fún ọ. Ọwọ́ ń dùn mí ni. Bá mi mú un dání."

"Títí dìgbà wo?"

"Títí màá fi béèrè ẹ̀."

Ó fi bọ́ọ̀lù sí i lọ́wọ́. Ó gbóná, òjò sì ti pa á. Renata tì í bọ àpò, ó sì padà sí orí àtẹ̀gùn. Nígbà tí àwọn kan wá béèrè ibi tí wọ́n máa jókòó sí, kò rí nọ́ńbà tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì wọn, omi ti kún ojú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n jókòó síbi tó bá wù wọ́n.

Oṣù keje ni bàbá kú. Ṣáájú ìyẹn, gbogbo ọjọ́ tí Renata bá lọ wò ó nílé ìwòsàn ló máa ń ki ọwọ́ bọ àpò.

"Bàbá, ṣé kí n gbé e fún yín?"

Bàbá á yíjú sí ògiri bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀.

"Ṣé mo ti béèrè ẹ̀ ni?"

Kò béèrè rẹ̀ títí tó fi lọ.