Katapílà Tí Kò Lẹ́nu

Iṣẹ́ rédíò títúnṣe ni mò ń ṣe ní Ìkirè nígbà náà, kò tíì pẹ́ tí wọ́n gé Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì, rédíò àwọn èèyàn sì kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Bí oníbàárà bá dé, màá ní, "Ẹ padà wá lọ́la, nǹkan kékeré kan ló kù." Ohun tó kù ni pé n kò tíì ṣí i wò. Katapílà ni mò ń ṣe.

Ẹ má rò pé katapílà tòótọ́ ni o. Ọkùnrin tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, tó ti ń dá irùngbọ̀n sí, ló jókòó tó ń fi agolo mílíìkì ṣe katapílà kékeré. Bí ẹ bá pè é ní nǹkan ìṣeré lójú mi, ìjà dé nìyẹn. Ínṣì kan ni mo fi dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan, kò sí èrú níbẹ̀. Mo yá téèpù lọ́wọ́ télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù wa jọ fara kanra, mo wọkọ̀ lọ sọ́nà Ararọ̀mí-Òwu níbi tí wọ́n ti ń la ọ̀nà oko, mo sì wọn katapílà kan tí wọ́n gbé síbẹ̀ láti imú dé ìdí. Mẹ́gáàdì tó ń ṣọ́ ọ wò mí títí.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ fẹ́ rán ṣòkòtò fún un ni?"

Mo fi ìgbéraga dá a lóhùn pé iṣẹ́ ẹ̀rọ ni mò ń ṣe. Ó ní kí Ọlọ́run ṣàánú mi.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ yà mí ní wèrè. Katapílà kì í fi táyà rìn. Irin pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tí wọ́n so kọ́ra wọn ló fi ń wọ́ nílẹ̀ bí ọ̀kùn. Mo gé agolo wẹ́wẹ́, mo ká etí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo wá fi wáyà so wọ́n pọ̀. Inú rédíò oníbàárà ni mo ti ń yọ wáyà náà, nítorí náà bí rédíò yín bá ti ọ̀dọ̀ mi dé tó wá ń kùn bí oyin, ẹ má ṣépè. Ìdí bírò ni mo fi ṣe páìpù èéfín, mo gé fóòmù bàtà sílípáàsì ṣe àga awakọ̀. Dòdò ni mò ń jẹ lọ́sàn-án nítorí pé n kò fẹ́ dìde. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ pé ọwọ́ tó dilẹ̀ ni èṣù ń bẹ̀ níṣẹ́. Tèmi ò tilẹ̀ dilẹ̀, èṣù ṣì ráyè bẹ̀ ẹ́.

Àpòmù nilé wa wà, etí títì. Bàbá kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ló kọjú sí wa ní òdìkejì ọ̀nà, nínú ilé tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ́. Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lálẹ́ pẹ̀lú àpò lábíyá, wọ́n á pariwo, "Ẹ̀ńjíníà! Ṣé ó ti ń mu epo?" Màá ní ó kù díẹ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí ikùn wọn á fi máa mì, ẹ̀rín náà kì í sì í bí mi nínú.

Ilé tiwa, bàbá mi ló fowó kòkó kọ́ ọ kí wọ́n tó kú. Òun nìkan ni ogún tí wọ́n fi sílẹ̀ fún Màámi. Lọ́jọ́ kan ni àwọn kan gbé irinṣẹ́ ìwọnlẹ̀ dé, wọ́n fi ọ̀dà pupa fa àgbélébùú sára ilé tọ̀tún-tòsì. Wọ́n ní ọ̀nà máa fẹ̀ sí i, katapílà ń bọ̀. Ẹ̀gbẹ́ tó máa gbà, wọn ò tíì mọ̀. Màámi ò jẹun lọ́jọ́ náà. Bí ilé yẹn bá wó, kò síbi tí wọ́n máa forí pa mọ́ sí ju yàrá kan lọ nílé àbúrò wọn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an lèmi ọlọ́gbọ́n gbé katapílà mi wọlé láti wá kùn ún.

"Kí lèyí?" Màámi bi mí.

"Katapílà ni, mà."

"Gbogbo àdúgbò ń gbààwẹ̀ kí katapílà má wá, ìwọ wá gbé e ka orí tábìlì bàbá ẹ?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ínṣì àti ẹsẹ̀ bàtà. Aládùúrà ni Màámi. Ní tiwọn, ohun téèyàn bá ń yà láwòrán, ó ń pè é ni. Wọ́n bu omi àdúrà, wọ́n wọ́n ọn sí i lára. Èmi ń fi aṣọ nù ún kó má baà dípẹtà. Wọ́n tún wò ó lọ, wò ó bọ̀.

"Èwo ló fi ń wólé lára ẹ̀?"

Inú mi dùn. Mo rò pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ti ń wù wọ́n. Mo mú irin fífẹ̀ tó máa ń wà níwájú rẹ̀ jáde, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ẹnu. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí rẹ̀ ni, n kò tíì jó o mọ́ ọn lára. "Òun nìyí, mà. Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyí."

Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi. "O ò gbọdọ̀ fi sí i. Èyí tí ò lẹ́nu, kí ló fẹ́ fi jẹ ilé mi?" Wọ́n tì í mọ́ inú àpótí aṣọ wọn.

Ó dùn mí wọnú egungun. Fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, Màámi ń sunkún ilé, èmi ń sunkún páànù.

Ìgbà tí katapílà tòótọ́ dé, òdìkejì ló gbà. Ilé bàbá oníkẹ̀kẹ́ wó lulẹ̀ níṣojú wa, àárọ̀ ọjọ́ kan ló sì parí ẹ̀. Màámi kúnlẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èmi náà ń dúpẹ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Màámi jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ẹnu tí ọmọ àwọn ò fi sí katapílà ló gba ilé àwọn là. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ìyá ìjọ ti ń kúnlẹ̀ kí mi lọ́nà. Èmi tí mo ti fi gbogbo ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀fẹ̀ nínú ọkàn mi, ńṣe ni mò ń tẹrí ba bí ajíhìnrere, tí mò ń ní, "Ọlọ́run ni, kì í ṣèmi." Ọkùnrin kan wá láti Orílẹ̀-Òwu. Ìyàwó rẹ̀ fẹ́ kẹ́rù lọ sí Èkó, òun ò sì fẹ́; ó wá ní kí n bá òun ṣe bọ́ọ̀sì kékeré kan, kí n má fi táyà sí i. Kàkà kí n lé e, mo bi í pé irú bọ́ọ̀sì wo.

Lọ́jọ́ tí bàbá oníkẹ̀kẹ́ ń ṣa páànù tó ṣì dára nínú àlàpà, mo sọdá lọ bá wọn. Ọ̀dọ̀ ọmọ wọn obìnrin ní Ìkirè ni wọ́n ń kó lọ. Mo kí wọn, mo ní Ọlọ́run á fèyí tó dára jù rọ́pò. Wọ́n ṣe àmín. Wọn ò pè mí ní ẹ̀ńjíníà.

"Ọmọ mi," ni wọ́n wí, "nígbà tí ìyá ẹ ní kó o má fi ẹnu sí i, ṣé o ò lè sọdá wá sọ fún mi ni? Èmi náà ì bá wá bẹ̀ ẹ́. Bóyá wàá bá mi yọ ẹsẹ̀ ẹ̀ kan."

Mo wo ojú wọn bóyá ẹ̀fẹ̀ ni. Kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ojú tì mí.

Mo ní, "Bàbá, agolo mílíìkì lásán ni. Kò lè wólé, kò sì lè gba ilé là."

Wọ́n gbé páànù ọwọ́ wọn sílẹ̀.

"Ṣé o sọ bẹ́ẹ̀ fáwọn tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ?"